Etí Ń Gbọ́, Ọpọlọ Kò Gbọ́: Bí A Ṣe Lè Mọ Ibi Tí Àìgbọ́ràn Ti Wá

Ọ̀rọ̀ ìlanilọ́yẹ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ àyájọ́ ọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa

   

Ìgbìmọ̀ ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ ìlera lọ́dún yìí. Ọ̀rọ̀ etí ni mo mú wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe etí tí ẹ ń rò. Gbogbo wa la mọ etí tó ń ṣọyún. Gbogbo wa la mọ etí tí ìdọ̀tí dí. Èyí tí mo fẹ́ sọ ni ti ẹni tí etí rẹ̀ dá ṣáká, tí dókítà wò ó tí kò rí ohun kan, síbẹ̀ tí ẹni náà kò gbọ́ ohun tí à ń sọ. Nǹkan tó ṣe é wà nínú orí, ní ojú ọ̀nà tí ìró ń gbà lọ sí ọpọlọ, tàbí nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀.

Èmi kì í ṣe dókítà o. Ọjà ni mo ń tà. Ohun tí mo máa sọ, mo bi àwọn dókítà etí àti àwọn nọ́ọ̀sì, mo sì ka ìwé tó wà lórí rẹ̀. Ìdí tí mo fi mú un wá síwájú ẹgbẹ́ ni pé mo jókòó sídìí ìwé ẹ̀yáwó wa, mo sì ń rí ohun tí àwọn èèyàn ń torí ẹ̀ yáwó. Ọmọ ẹgbẹ́ á yáwó nítorí etí ọmọ. Á ra oògùn tí wọ́n ń kán sétí, á ra òróró, á ra àgbo, á tún lọ sí ibòmíràn lọ san owó. Owó á tán, etí ò là. Ìdí ni pé etí kọ́ ló ń ṣàìsàn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bà jẹ́ lẹ́ńjìnnì, tó wá ń pààrọ̀ táyà, ìgbà wo ló máa dé ibi tó ń lọ?

Bí ìró ṣe ń dé ọpọlọ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọ̀nà náà. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ìró ọ̀rọ̀ mi á gba ihò etí wọlé, á lu ìlù etí. Lẹ́yìn ìlù etí ni egungun mẹ́ta kéékèèké wà, wọ́n á gba ìró náà, wọ́n á gbé e fún ohun kan tó ká kòròkòrò bí ìkarahun ìgbín. Inú ìgbín yìí ni iṣẹ́ ńlá ti ń ṣẹlẹ̀. Irun tíntìntín wà níbẹ̀ tí ń yí ìró padà di nǹkan bí iná mànàmáná. Láti ibẹ̀, iṣan kan á gbé e lọ sí ìdí ọpọlọ, níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Á máa dúró ní ibùdó kan sí èkejì, títí á fi dé ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, lókè etí níbí yìí. Ibẹ̀ la ti ń mọ̀ pé “ata” ni wọ́n pè, wọn ò pe “àta”.

Ẹ wò ó bí ọkọ̀ dánfó tó gbéra ní Ìgàndò, tó ń lọ sí Ìkẹjà. Ọkọ̀ lè má jáde ní gáréèjì rárá. Ọkọ̀ sì lè jáde dáadáa, kó gbé èrò, kó wá há sí Ìkòtún nítorí pé ọ̀nà bà jẹ́. Ẹni tó wà ní Ìkẹjà ò ní rí èrò kankan nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá gáréèjì ló ti bà jẹ́ ni, tàbí ọ̀nà.

Bákan náà ni àìgbọ́ràn rí. Àkọ́kọ́ ni èyí tó wà ní ẹnu ọ̀nà: ìdọ̀tí, omi tàbí ọyún lẹ́yìn ìlù etí, ìlù etí tó lu. Èyí wọ́pọ̀, ó sì ṣeé wò. Ìkejì ni èyí tó ba inú ìgbín jẹ́: ariwo tó pọ̀ jù fún ọjọ́ pípẹ́, bíi ti gẹnẹrétọ̀ àti gbohùngbohùn tí wọ́n kọ sí wa létí lọ́jà, ọjọ́ ogbó, àti àwọn abẹ́rẹ́ kan bíi gentamicin tí wọ́n bá gún un láìsí ìwọ̀n. Ìkẹta ni èyí tí mò ń sọ lónìí: iṣan àti ọpọlọ.

Báwo la ṣe máa fura?

Ẹni tí ìgbín etí rẹ̀ bà jẹ́, tí ẹ bá gbé ohùn sókè díẹ̀, ó sábà máa ń gbọ́ dáadáa sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí àìsàn rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ọpọlọ, ariwo nìkan ni ẹ máa fi kún un. Ó ń gbọ́ pé èèyàn ń sọ̀rọ̀, kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Á sọ fún yín pé, “Mò ń gbọ́ yín o, ọ̀rọ̀ yín ni kò yé mi.” Tí ẹ bá rí èyí, ẹ má fi ṣe ẹ̀rín.

Àmì mìíràn ni pé á gbọ́ lónìí, kò ní gbọ́ lọ́la. Ọmọ á fò sókè tí ilẹ̀kùn bá gbá, ṣùgbọ́n kò ní yíjú tí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀. Nínú yàrá tó dákẹ́ á gbọ́ díẹ̀, tó bá dé inú ọjà, ó parí. Nítorí èyí ni ìjà ṣe ń wà nínú ilé. Bàbá á ní ọmọ náà ń gbọ́, oríkunkun ló ń ṣe. Ìyá á ní kò gbọ́. Àwọn méjèèjì ló rí òótọ́ tiwọn. Ọmọ tí wọ́n bá wá nà nítorí ohun tí kò gbọ́, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá?

Ibà pọ́njú ọmọ tuntun

Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ohun tó yẹ ká bẹ̀rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ibà pọ́njú ọmọ tuntun, èyí tí ojú àti ara ọmọ máa ń pọ́n bí òdòdó aláwọ̀ ìyeyè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ ibi yìí, pàápàá ẹ̀yin ọmọ wa obìnrin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bímọ.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ pupa bá ń gbó tó ń fọ́, ohun pípọ́n kan máa ń tú jáde láti inú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń kó o dànù. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì lágbára tó, ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀pọ̀ ọmọ fi máa ń pọ́n díẹ̀ kó tó lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ohun pípọ́n yìí bá pọ̀ jù, á wọ inú ọpọlọ lọ. Lára ibi tó sì máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́ ni àwọn ibùdó tí ìró ń gbà kọjá ní ìdí ọpọlọ. Ìgbín etí ọmọ náà lè wà pérépéré. Ọ̀nà ló bà jẹ́. Àwọn ọmọ mìíràn á tún ní àìlera ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ọrùn wọn ò ní dúró, àwọn mìíràn á kú.

Kí ló ń jẹ́ kó pọ̀ jù? Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ kò bára mu. Ó lè jẹ́ àkóràn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n bí ọmọ náà ṣáájú oṣù rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ láàárín wa ni pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò ní tó nínú èròjà kan tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD, tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ kó má tètè fọ́. Ìran la ti ń jogún rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ló sì pọ̀ jù lára wọn. Ọmọ náà á dára lójú, kò sí ohun tí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Àfi ìgbà tó bá pàdé ohun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́.

Ohun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ jù ń bẹ lórí àtẹ wa. Káńfọ̀ ni. Bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké yẹn tí à ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ìyá tó lóyún á ra aṣọ ọmọ láti oṣù karùn-ún, á tò ó sínú àpótí, á da káńfọ̀ sí i. Ọjọ́ tó bá bímọ, á kàn gbọ̀n ọ́n, á wọ̀ ọ́ fún ọmọ. Òórùn yẹn ń wọ ara ọmọ láti imú àti láti awọ ara rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú á pọ́n wẹ́ẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn dókítà tún ń kìlọ̀ nípa ìpara àti pàúdà tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù, kí a má fi sí ara ọmọ tuntun tàbí ìwọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń ta káńfọ̀. Mi ò ní kí ẹ dá a dúró. Mo ní kí ẹ sọ fún ẹni tí ikùn rẹ̀ wà níwájú pé kò gbọdọ̀ kó o sí aṣọ ọmọ. Oníbàárà tí ọmọ rẹ̀ yè á padà wá.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ gbé ọmọ sí ojú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹ wo ẹyinjú rẹ̀, ẹ wo èrìgì rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ara ọmọ dúdú lè tan yín jẹ, ṣùgbọ́n àwọn ibi yìí kò ní purọ́. Tí ó bá pọ́n láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i, tàbí tí pípọ́n náà dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Tí ọmọ kò bá mu ọmú mọ́, tí ó ń sùn jù, tí igbe rẹ̀ dún ṣíṣó tí kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀, tí ó ń tẹ ẹ̀yìn bí ọrun, ọpọlọ ni ó ti ń kàn yẹn. Ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má fún un ní omi ìbẹ́pẹ, ẹ má fún un ní omi glúkóòsì, ẹ má kán oògùn sí i lẹ́nu. Wọn kì í wo ibà pọ́njú sàn. Àkókò ni wọ́n ń jẹ, àkókò yẹn sì ni ọpọlọ ọmọ fi ń bà jẹ́. Iná aláwọ̀ búlúù ni wọ́n ń lò ní ọsibítù. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń yí ohun pípọ́n náà padà kí ara lè tọ̀ ọ́ jáde. Tí ó bá ti pọ̀ jù, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ fún un.

Ẹnìkan á béèrè pé, “Oòrùn àárọ̀ ńkọ́?” Ìbéèrè tó dáa ni. Ní Èkó níbí ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ kan lórí rẹ̀, ní ọsibítù ìgbẹ̀bí tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Dókítà Bọ́lájókòó Olúṣànyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ṣe é, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2015. Wọ́n ṣe àgọ́ kan, wọ́n fi ike pàtàkì bò ó, ike tí ń dá ìtànṣán burúkú àti ooru dúró, tó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù kọjá. Wọ́n rí i pé ó ṣiṣẹ́ bíi ti iná búlúù fún ọmọ tí tirẹ̀ kò tíì le jù. Lẹ́yìn èyí wọ́n tún dán an wò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: nọ́ọ̀sì wà nídìí ọmọ, wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná sí. Kì í ṣe kí a tẹ́ ọmọ sí ẹ̀yìnkùlé nínú oòrùn lásán. Ìyẹn kò tó, ó sì lè ṣe ọmọ léṣe.

Àyẹ̀wò tó lè tan wá jẹ

A dé ibi tí mo tìtorí rẹ̀ dìde. Báwo ni dókítà ṣe ń mọ̀ pé ọ̀nà ló bà jẹ́, kì í ṣe ìgbín?

Ẹ̀rọ méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní OAE. Ní ọdún 1978, ọ̀mọ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ David Kemp ṣàlàyé pé etí tó dá máa ń dá ìró tíntìn kan padà, bí ẹni ń dáhùn. Wọ́n á ki nǹkan rọ̀bọ̀tọ̀ kékeré sí ihò etí ọmọ, á ṣe ìró sí i, á sì tẹ́tí gbọ́ ìdáhùn. Tí ìdáhùn bá wá, ìgbín etí ń ṣiṣẹ́. Ìkejì ni ABR, èyí tó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1970. Wọ́n á lẹ nǹkan bíi bọ́tìnnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́ orí àti ẹ̀yìn etí ọmọ, wọ́n á ṣe ìró sí i létí, kọ̀ǹpútà á máa ya bí iṣan àti ìdí ọpọlọ ṣe ń dáhùn, ibùdó kan sí èkejì. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ìrora. Ọmọ lè máa sùn. Àní, ó dáa jù kó máa sùn.

Ẹ rí i pé OAE ò kọjá gáréèjì. ABR ló ń tẹ̀lé ọkọ̀ lọ sójú ọ̀nà. Ọmọ tí ibà pọ́njú ba ìdí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ lè yege nínú OAE, kó sì kùnà pátápátá nínú ABR. Àwọn dókítà fún irú èyí ní orúkọ ní ọdún 1996, wọ́n pè é ní auditory neuropathy.

Mo ní ìyọ̀ǹda láti sọ ti ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ pọ́n nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ti tọ́jú rẹ̀, ó pé ọjọ́ kẹfà kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù. Orí kó o yọ. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan àbọ̀, kò tíì pe “mama”. Wọ́n gbé e lọ síbì kan, wọ́n fi ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn wò ó, wọ́n ní etí rẹ̀ dá, kí wọ́n lọ fọkàn balẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi fọkàn balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì kan ló bi ìyá rẹ̀ pé, “Ṣé ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tí ẹ bí i?” Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ló gbé wọn dé ibi tí wọ́n ti ṣe ABR. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Ọdún méjì yẹn, owó kọ́ ni mo ń kà. Ọdún tí ọmọ fi ń kọ́ èdè ni.

Ní ọdún 2005, Dókítà Olúṣànyà yìí kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàyẹ̀wò etí àwọn ọmọ ọwọ́ ní ibi tí àwọn ìyá ti ń gba abẹ́rẹ́ BCG fún ọmọ nínú ìlú Èkó. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni a kì í bí sí ọsibítù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá ló ń wá gba abẹ́rẹ́. Bíi 2,000 ọmọ ni wọ́n wò. OAE ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, ẹni tí kò bá yege ni wọ́n ń ṣe ABR fún. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì fi hàn pé ó ṣeé ṣe níbí. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é báyìí, ọmọ tí tirẹ̀ wà lójú ọ̀nà ọpọlọ lè yege ní àkọ́kọ́, kó sì máa lọ sílé. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ní kí ọmọ tó bá ní ibà pọ́njú tó le, ọmọ tí a bí láìpé oṣù, ọmọ tí kò tètè ké nígbà ìbí, àti ọmọ tó sùn ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú pàtàkì, lọ tààrà sí ABR. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ fún wọn. Ẹ ní, “Ojú ọmọ mi pọ́n, ABR ni mo fẹ́.”

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀lé ni 1, 3, 6: kí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ wáyé kí ọmọ tó pé oṣù 1, kí a mọ ohun tó ṣe é kí ó tó pé oṣù 3, kí ìrànlọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé oṣù 6. Ẹni tí oṣù mẹ́fà ti kọjá lára ọmọ rẹ̀, kó má sọ pé ó ti bọ́. Kó gbéra lónìí.

Àwa àgbà náà

Kì í ṣe ọmọdé nìkan. Ìyá kan wà tó ń ta gààrí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, ó gbádùn. Ó tún kọ lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ padà, ẹsẹ̀ padà, ó padà sọ́jà. Ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá ní “ẹ wọn kóńgò méjì”, á kàn máa wò ó. Àwọn kan ní ó ti ń gbéra ga. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dà rú. Òun fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ já gaara, ó ní, “Ẹ̀ ń sọ èdè tí mi ò gbọ́ sí mi.” Ó ń gbọ́ họ́ọ̀nù ọkọ̀, ó ń gbọ́ tí adìẹ bá ké. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bọ́gbọ́n mu. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé, “Ṣé ẹ ti jẹun?” Ìyá kà á, ó ní, “Mo ti jẹ ẹ̀bà.” Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn. Wọ́n ṣàyẹ̀wò etí rẹ̀, etí ń ṣiṣẹ́ tó ti ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, àpá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Ó ṣọ̀wọ́n kí ọpọlọ di báyìí, nítorí pé ìró etí kọ̀ọ̀kan ń lọ sí apá méjèèjì. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá bà jẹ́, èkejì á gbà á rù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti pọ̀ tó báyìí láàárín wa, kí a mọ̀ ọ́n sára. Kí a má pe aláìsàn ní agbéraga tàbí wèrè. Ẹni tí kò mọ̀wé, ẹ lo àwòrán, ẹ fi ọwọ́ júwe, ẹ fi ọjà hàn án.

Ohun mìíràn: ẹ ṣọ́ etí kan ṣoṣo. Tí ẹ bá rí i pé fóònù kò yé yín mọ́ létí òsì àfi tí ẹ bá gbé e sí ọ̀tún, tí etí kan yẹn ń hó wùùù, tí òòyì sì ń kọ́ yín, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Nígbà mìíràn kókó kékeré kan ló ń hù lórí iṣan tó ń ti etí lọ sí ọpọlọ. Kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, díẹ̀díẹ̀ ló ń dàgbà, àwòrán MRI ló sì ń fi í hàn dáadáa. Ṣùgbọ́n tí etí kan bá dédé di lọ́sàn-án kan òru kan, ẹ má dúró dọ̀la. Oògùn rẹ̀ wà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ló sì ń ṣiṣẹ́ jù. Tí ẹnu bá sì tún wọ́ tàbí tí ọwọ́ kan kú, rọpárọsẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ kíákíá.

Bí ẹ bá dé ọsibítù

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò yín, kí ẹ gba ìwé lọ sí Ọsibítù Ìjọba Àlímọ̀ṣọ́ tó wà ní Ìgàndò. Àwọn ọsibítù ńlá tó wà nítòsí wa ni LASUTH ní Ìkẹjà àti LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ẹ béèrè dókítà etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun, kí ẹ sì béèrè onímọ̀ ìgbọ́ràn.

Dókítà á kọ́kọ́ yẹ inú etí wò, kó lè yọ ìdọ̀tí àti ọyún kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ó lè fi irin tó ń dún gbùùn-ùn kan orí yín láti mọ etí tó ń gbọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi nǹkan bò yín létí nínú yàrá tó dákẹ́, ẹ máa nawọ́ sókè tí ẹ bá gbọ́ ìró. Wọ́n á tún pe ọ̀rọ̀ fún yín, kí ẹ pè é padà. Ibí yìí ṣe pàtàkì o. Ẹni tó gbọ́ ìró dáadáa tí kò lè pe ọ̀rọ̀ padà, ọ̀nà ọpọlọ ni kí wọ́n wò. Ẹ ní kí wọ́n fi Yorùbá pè é fún ẹni tí kò gbọ́ Òyìnbó, kí wọ́n má baà rò pé àìgbédè ni àìsàn. Lẹ́yìn èyí ni OAE, ABR, àti àwòrán ọpọlọ tí ó bá yẹ.

Ẹ kọ ìtàn sínú ìwé kí ẹ tó lọ: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ojú ọmọ pọ́n, bóyá ó ní gìrì tàbí àìsàn yírùnyírùn, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un, bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru wà. Ìtàn yẹn jẹ́ ìdajì àyẹ̀wò.

Ìrètí wà

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn etí lè ran àwọn kan lọ́wọ́, kò sì ní ran àwọn mìíràn lọ́wọ́ nínú irú èyí, nítorí pé ó ń fi kún ariwo ni, kò tún ọ̀nà ṣe. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ sínú ìgbín etí ń ṣe láǹfààní, ṣùgbọ́n owó ńlá ni. Ohun tí kò wọ́n ni èdè. Ọmọ tí etí kò fún ní èdè, ojú lè fún un. Èdè adití kì í ṣe ìtìjú. Láti ọdún 1960 ni Andrew Foster, ọkùnrin adití láti Amẹ́ríkà, ti dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ilé ẹ̀kọ́ Wesley fún àwọn adití wà ní Sùúrùlérè. Ọmọ-ọmọ arábìnrin wa tí mo sọ ti wà nílé ìwé nísinsìnyí, ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ìyá àgbà rẹ̀ náà sì ti ń kọ́ ọ. Ó ní ó ń fi ọwọ́ ná an lówó ṣíǹkìnní lọ́jà.

Àdúrà ń gbà. Ẹ máa gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àdúrà rọ́pò àyẹ̀wò, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ máa lọ.

Mo fi ohun mẹ́ta bẹ ẹgbẹ́. Ìkíní, kí gbogbo àtẹ tó ń ta káńfọ̀ máa kìlọ̀ fún aboyún. Ìkejì, kí ìgbìmọ̀ jẹ́ kí ẹ̀yáwó pàjáwìrì wà fún ọmọ tuntun tí ojú rẹ̀ pọ́n, kí ó jáde lọ́jọ́ náà gan-an, kí a má ní kó dúró de ìpàdé oṣù. Ọjọ́ kan pọ̀ lórí ọpọlọ ọmọ. Ìkẹta, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má na ọmọ tí kò dáhùn kó tó mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ẹ bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ tí ẹ bá dá, kò ní jáde.

Ọlọ́run á dá etí wa sí, á dá ọpọlọ wa sí. Àwọn ọmọ wa á gbọ́ wa, àwa náà á gbọ́ ìró ayọ̀ wọn. Ọjà á tà, a ò ní fi èrè rẹ̀ gbọ́ àìsàn.